Ṣíbí Pẹrẹsẹ Kan fún Àgùntàn

“Àwọn àgùntàn tèmi kì í yàgbẹ́ gbuuru.”

Mo-mọ̀-ọ́n ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti na ara rẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó dúró láàrin ọgbà àgùntàn rẹ̀ bí ọba tó ń fi ààfin han àlejò. Ó ní kí àwọn tí kò mọ iṣẹ́ lọ máa sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru, ó ní òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ẹran láti inú ìyá òun wá.

Gbólóhùn náà kò tíì tutù lẹ́nu rẹ̀ tí abo àgùntàn kan fi kọ ẹ̀yìn sí ọmọbìnrin tó wá ṣe àlejò rẹ̀, tó gbé ìrù, tó sì tú gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ sórí bàtà ọmọbìnrin náà. Omi ni. Omi aláwọ̀ ewé ni, ó gbóná, ó pọ̀, kò sì dá bọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin náà kò pariwo. Ó wo bàtà rẹ̀. Ó wo àgùntàn. Ó wá gbé ojú sókè wo Mo-mọ̀-ọ́n.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ló wí. “Èyí ńkọ́? Ṣé ẹ yá a ni?”

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Àwọn kan pàdé nínú ọkọ̀, àwọn kan pàdé níbi ayẹyẹ, wọ́n wọ aṣọ tó dán, wọ́n ń fi ìka mẹ́ta mú ife. Ìgbẹ́ àgùntàn ló so àwọn méjì tèmi yìí pọ̀, mi ò sì lè purọ́ kí ìtàn lè dùn.

Mo-mọ̀-ọ́n kọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ènìyàn lè bá a sọ tí kò ní fi “mo mọ̀ ọ́n” dáhùn. Bí o bá ní òjò ń bọ̀, ó mọ̀ ọ́n. Bí o bá ní iná ti mú un láṣọ, yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ná, kó tó ronú àtipa á. Ọmọbìnrin náà ní tirẹ̀, Oníwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ ẹran ní ìsàlẹ̀ òpópónà, ìdí òṣùwọ̀n ló sì ti kọ́ ìrìn. Àwọn ẹlẹ́nu ní bí ọmọ yìí bá fẹ́ mu omi, á kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Ọ̀dá ló gbé e dé ọgbà àgùntàn lọ́jọ́ náà. Òjò ti kọ̀, koríko ti gbẹ bí irun àgbàlagbà, kò sì sí ohun tútù kankan lórí ilẹ̀ mọ́ àfi igi ẹlẹ́gùn-ún kan báyìí tí kò ní ewé, tí apá rẹ̀ rí pẹlẹbẹ bí àwo ìjẹun, èyí tí àwọn tó kàwé ń pè ní kákítọ́ọ̀sì. Gbogbo ọlọ́sìn ẹran àdúgbò ti sá tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n á fi iná jó ẹ̀gún ara rẹ̀ dànù, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, àwọn àgùntàn á sì máa jẹ ẹ́ bí ọmọdé ṣe ń jẹ ohun dídùn. Mo-mọ̀-ọ́n kò fún tirẹ̀ ní nǹkan mìíràn. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń yàgbẹ́, wọ́n sì ń rù.

Oníwọ̀n nu bàtà rẹ̀ mọ́ ògiri, ó ní omi ló kún inú igi náà. Ó dùn lẹ́nu wọn, kò sì burú, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè gbé wọn jìnnà. Ó ní kí wọ́n gé pòròpórò gbígbẹ mọ́ ọn kí inú wọn lè rí nǹkan dì mú, kí wọ́n fi iyọ̀ sí i, kí wọ́n wá fi yúríà, ajílẹ̀ funfun tí wọ́n ń dà sídìí àgbàdo, díẹ̀ kún un pẹ̀lú imí ọjọ́ kékeré kan, nítorí kò sí ohun tó ń kọ́ ẹran ara nínú ẹlẹ́gùn-ún nìkan.

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni Mo-mọ̀-ọ́n wí.

“Ó dáa. Kí ni yúríà ń ṣe níkùn àgùntàn?”

Ó la ẹnu. Àgùntàn mìíràn bá a dáhùn láti ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin náà sún bàtà rẹ̀ kúrò lọ́nà, ó dágbére, ó ń lọ. Títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀, Mo-mọ̀-ọ́n kò pa ẹnu náà dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sí ilé ẹ̀rọ. Ó ní iyọ̀ lòun wá rà. Ọjọ́ kejì, iyọ̀ náà ni. Ọjọ́ kẹta, iyọ̀. Iyọ̀ wá pọ̀ nílé Mo-mọ̀-ọ́n débi pé bí erin bá kú síbẹ̀, kò lè rà. Ìyá rẹ̀ wo àpò iyọ̀ lábẹ́ ibùsùn, ó béèrè bóyá òkun ló fẹ́ ṣe. Ó ní kí Màámi má ṣèyọnu, òun mọ ohun tí òun ń ṣe.

Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wo ọwọ́ Oníwọ̀n. Ọmọbìnrin náà á bu yúríà sínú ṣíbí, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan fá orí rẹ̀ dànù títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú etí ṣíbí, á wá gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

“Kì í ṣe òkìtì o,” á wí fún un. “Pẹrẹsẹ. Ṣíbí pẹrẹsẹ kan fún àgùntàn kan, kó o yọ́ ọ sínú omi, kó o wọ́n ọn yíká. Kékeré lo máa kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí inú wọn lè mọ̀ ọ́n lára. Ohun yìí tó ń gbé wọn dìde náà ló ń pa wọ́n. Bó bá ti ju bó ṣe yẹ lọ, kí o tó pe orúkọ wọn, wọ́n ti ṣubú.”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“O ò mọ̀ ọ́n. Ojú mi lò ń wò.”

“Ìyẹn náà, mo mọ̀ ọ́n,” ni Mo-mọ̀-ọ́n wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọbìnrin náà fi da ṣíbí náà nù, tó sì ní láti tún un wọ̀n.

Ìfẹ́ wọn gbèrú ní ìdí òṣùwọ̀n yẹn, láàrin eruku ọkà àti ariwo ẹ̀rọ. Mo-mọ̀-ọ́n ń pè é ní “ìwọ̀n ayé mi”. Òun náà ń pè é ní “aláriwo mi”. Nígbà tí ìgbẹ́ àgùntàn wá dì nígbẹ̀yìn, tó di kóró dúdú roboto tó ń dán, Mo-mọ̀-ọ́n di ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìwé mímọ́, ó gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ bí ẹni gbé òrùka lọ. Oníwọ̀n tú u. Ó wò ó. Ó fi ìka yí ọ̀kan, ó le. Ojú rẹ̀ kún fún omi.

“Kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan báyìí rí,” ló wí.

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Òbí méjì ló dí wọn lọ́nà, ìyá ọkùnrin níhìn-ín, bàbá obìnrin lọ́hùn-ún.

Ìyá Mo-mọ̀-ọ́n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ yúríà sétí. Àwọn àgùntàn yẹn, ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló fi wọ́n sílẹ̀; kò fi ilé sílẹ̀, kò fi ọkọ̀ sílẹ̀, àwọn ni. Aládùúgbò kan sì ti gbé àpò yúríà tó fẹ́ dà sídìí àgbàdo sílẹ̀ rí láì dì í, àwọn ẹran rẹ̀ lá a, wọn kò sì rí ọ̀sán ọjọ́ náà. Ìyá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní ìyẹ̀fun ikú.

“Bí ìyẹ̀fun funfun yẹn bá máa wọ inú ọpọ́n àgùntàn ọkọ mi,” ló sọ fún ọmọ rẹ̀, “òkú mi ló máa gbà kọjá.”

Bàbá Oníwọ̀n ní tirẹ̀ kò kórìíra Mo-mọ̀-ọ́n. Ohun tó ṣe burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó gbé òdiwọ̀n kalẹ̀ fún un. Ó ní ọ̀dá ni wọ́n fi ń mọ ọkùnrin. Ẹni tí kò lè gbé àgùntàn la ọ̀dá já, báwo ni yóò ṣe gbé ọmọ òun là á já? Ó ní òun máa wá fúnra òun lọ́jọ́ tí ẹbí méjèèjì bá fẹ́ jókòó, òun máa fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn àwọn ẹran náà wò. Bí òun bá fi lè ka egungun ìhà wọn, ẹnu géètì lòun ti máa yí padà, kí ẹnikẹ́ni má sì tún bá òun sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mọ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ká ọkùnrin mọ́. Láìsí ìyẹ̀fun, kò sí ìyàwó. Bí ìyẹ̀fun bá wà, kò sí ìyá.

Mo-mọ̀-ọ́n wá ń ṣe é ní kọ̀rọ̀. Kí ìyá rẹ̀ tó jí, ó ti yọ́ ọ, ó ti wọ́n ọn sórí ẹlẹ́gùn-ún àti pòròpórò, ó ti fọ garawa. Àwọn àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí sanra. Ìyá rẹ̀ rí i, ó sì ń sọ káàkiri pé bí òun ṣe ń jó ẹ̀gún rẹ̀ ni, pé ọwọ́ òun ló dára. Ọmọ rẹ̀ ń mi orí. Oníwọ̀n sọ fún un títí pé kó sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó ní bí ènìyàn méjì bá ń dáná lórí ìkòkò kan ṣoṣo láì bá ara wọn sọ̀rọ̀, iyọ̀ á pọ̀ jù. Mo-mọ̀-ọ́n ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní òun á sọ.

Kò sọ.

Ọjọ́ tí ẹbí fẹ́ jókòó wá pé. Wọ́n gbá àgbàlá, wọ́n to àga síbòòji, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ẹni tó máa ṣe agbẹnusọ fún ẹbí ọkọ ni ẹ̀gbọ́n bàbá Mo-mọ̀-ọ́n, arúgbó kan tó ń gbé nínú yàrá tó kọjú sí ọgbà àgùntàn. Wọ́n ń pè é ní Bàbá Àgbà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń rọ̀ ọ́ kó sọ ọ́. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bọ́ àwọn àgùntàn, wọ́n fẹ́ kí ikùn wọn yọ rọ̀bọ̀tọ̀ nígbà tí àlejò bá dé.

Bàbá Oníwọ̀n dé nínú aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ tó le gan-an. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò jókòó, kò mu omi, ọgbà àgùntàn ló gbà lọ tààrà. Ó tẹ ẹ̀yìn èyí, ó fọwọ́ ra ìhà tọ̀hún. Gbogbo ojú ń tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni wà níwájú adájọ́.

Bàbá náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò ńlá kan tó dúró gbagidi, ó gbá a lẹ́yìn pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́.

“Èyí ni mò ń pè ní ẹran,” ló wí.

Afẹ́fẹ́ tún fẹ́ ní àgbàlá. Oníwọ̀n wo Mo-mọ̀-ọ́n láàrin àwọn àgbà, ó rẹ́rìn-ín sí i ní ìkọ̀kọ̀, èyí tó ń fi igun ẹnu kan rẹ́. Wọ́n jókòó. Bàbá Àgbà dìde láti kí àlejò káàbọ̀, ó ń wá ohùn rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

Àgbò ńlá náà kígbe.

Kì í ṣe igbe ebi. Oníwọ̀n ló kọ́kọ́ gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀, ó ti dìde kí àwọn yòókù tó yíjú. Àgbò náà ń gbọ̀n láti etí dé pátákò. Ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbà, ó wó lulẹ̀ bí ògiri. Abo méjì tẹ̀ lé e. Ikùn wọn ń wú sókè bí ẹni ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn nínú.

Oníwọ̀n ti kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ìtọ̀ àgùntàn pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Ó gbóòórùn ẹnu àgbò. Ó yíjú sí Mo-mọ̀-ọ́n.

“Báwo lo ṣe wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí?”

Gbogbo ojú bọ́ sára Mo-mọ̀-ọ́n. Ojú bàbá Oníwọ̀n wà níbẹ̀. Ojú ìyá tirẹ̀ sì wà níbẹ̀, ó là sílẹ̀ rangandan.

“Kí ni mo wọ̀n?” ló wí. “Mi ò fi nǹkan kan sí i.”

Ọmọbìnrin náà wò ó. Kò bínú lójú, ìyẹn ló burú. Ńṣe ló wò ó bí ẹni wo òṣùwọ̀n tó ti ń fọkàn tán láti kékeré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó ń parọ́.

“Gbọ́ mi dáadáa,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. “Bó bá jẹ́ pé yúríà ló pọ̀ jù, fínígà àti omi tútù ló lè gbà wọ́n. Bó bá jẹ́ pé ẹlẹ́gùn-ún nìkan ló wú wọn nínú, òróró la máa fún wọn. Bí mo bá fún wọn ní èyí tí kì í ṣe òun, wọ́n á kú lójú wa. Mi ò bi ẹ́ nítorí tèmi. Èwo ni?”

Abo mìíràn wó. Mo-mọ̀-ọ́n wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

“Mo fi sí i,” ló wí. “Màámi, ẹ má bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi sí i. Yúríà ló mú wọn sanra, kì í ṣe iná tí ẹ fi ń jó ẹ̀gún. Ṣùgbọ́n pẹrẹsẹ ni mo wọ̀n ọ́n, Oníwọ̀n. Bó o ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́.”

“Ṣíbí pẹrẹsẹ kì í ṣe báyìí.”

“Mo fi ọjọ́ ayé mi búra.”

“O ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú mi gbolẹ̀, o ní o ò fi nǹkan kan sí i.”

Irọ́ kan ṣoṣo ló pa, ó sì ti jẹ gbogbo òótọ́ tó kù nílẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bàbá Oníwọ̀n gbọn aṣọ funfun rẹ̀, ó ní kí ọmọ òun dìde nílẹ̀. Ó ní ẹni tí kò lè sọ òótọ́ nítorí àgùntàn kò ní sọ ọ́ nítorí ìyàwó. Ó ti kọ ojú sí géètì.

Ní wéré, ìyá Mo-mọ̀-ọ́n bú sẹ́kún.

“Kì í ṣe òun,” ló wí. “Èmi ni.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ bí àwo. Ọmọ rẹ̀ la ẹnu. Ìyá náà fi ìborùn nu imú, ó wá ń sọ ọ́ ní díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ọmọ òun fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí, òun sì ti fi ẹnu ara òun sọ pé òkú òun ló máa gbà kọjá, báwo lòun ṣe fẹ́ wá gbé ọ̀rọ̀ náà mì lójú rẹ̀? Òun gbà pé ọmọ náà ti gbọ́ràn sí òun lẹ́nu, pé kò fi nǹkan kan sí oúnjẹ wọn. Òun wá rò ó pé bí ẹran wọ̀nyí bá lè dán sí i díẹ̀ kí àna tó dé, wọn kò ní kọ̀ ọ́. Òun lọ ra ìyẹ̀fun náà. Láàárọ̀ yìí, kí ọmọ òun tó jáde, òun ti wọ́n ọn sínú ọpọ́n.

“Ẹ̀yin, Màámi?” ni Mo-mọ̀-ọ́n wí. “Ìyẹ̀fun ikú?”

“Èmi náà.”

“Ta ló tà á fún yín, mà?” ni Oníwọ̀n béèrè. “Èmi kọ́. Mi ò bá ti sọ.”

Ojú ìyá náà rìn díẹ̀ lọ síbi géètì, níbi tí aṣọ funfun kan ti dúró tí kò lè lọ, tí kò sì lè bọ̀. Bàbá Oníwọ̀n wúkọ́.

“Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni,” ló wí. “Mo ṣèlérí. Oníbàárà ni oníbàárà.”

“Bàbá mi.”

“Mo sọ fún wọn pé pẹrẹsẹ ni. Ọmọ mi, mo sọ ọ́.”

“Pẹrẹsẹ náà ni mo wọ̀n,” ni ìyá wí.

Oníwọ̀n dìde. Tí ìyá bá wọ̀n ọ́n pẹrẹsẹ, tí ọmọ náà sì wọ̀n ọ́n pẹrẹsẹ, kò sẹ́ni tó ṣì í wọ̀n nínú wọn. Ìlọ́po méjì ni. Ó ti mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe wàyí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ba gbogbo wọn. Ó ní kí bàbá òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì, kó kó gbogbo fínígà tó bá wà níbẹ̀ wá, kó sáré. Ó ní kí ìyá gbé èyí tó fẹ́ fi po ẹ̀fọ́ tútù àlejò jáde ní ilé ìdáná, kó wá omi tútù. Ó ní kí Mo-mọ̀-ọ́n gbá ọpọ́n náà mọ́ tónítóní, kí àgùntàn kankan má tún fẹnu kàn án, lẹ́yìn náà kó wá máa dì wọ́n lórí mú.

Ẹ̀yin tí ẹ kò rí bàbá àgbàlagbà tó ń sáré nínú aṣọ lílọ̀ rí, nǹkan ti lọ lójú yín. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, ìgò ń pariwo lábíyá rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Ó di bó ò lọ, o yà fún mi. Ìyá ń po fínígà mọ́ omi, ó ń sunkún, ó ń pò ó lọ. Oníwọ̀n ń ti ẹnu ìgò bọ àgùntàn lẹ́nu ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa gba ọ̀nà èémí wọn lọ. Mo-mọ̀-ọ́n jókòó sínú ẹrẹ̀, orí àgùntàn kan lórí itan rẹ̀, òmíràn lábẹ́ apá rẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀.

Àgbò ńlá náà kò dìde mọ́. Bàbá Oníwọ̀n tó yìn ín ló dì í lórí mú, òun náà ló sì fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ dé.

Àwọn yòókù pẹ́ kí wọ́n tó sọ tiwọn. Wọ́n kàn ń mí, wọ́n ń gbọ̀n. Gbogbo ènìyàn ń wò wọ́n, kò sẹ́ni tó lè wo ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, abo kan gùfẹ̀ gúrọ́ọ̀, ó gbé orí. Ó wo àwọn tó yí i ká pẹ̀lú ìríra. Ó dìde. Òmíràn dìde. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìjọ tí adúrà wọn parí.

Oníwọ̀n rìn lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ọwọ́ tó ti mọ́. Mo-mọ̀-ọ́n tẹ̀ lé e, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀.

“Mo sẹ́ ẹ,” ló wí.

“Mo gbọ́.”

“Ìyá mi ni mò ń bẹ̀rù.”

“Èmi náà ń bẹ̀rù ìyá ẹ. Mi ò parọ́.” Kò yíjú. “Kì í ṣe ti àgùntàn ló ń dùn mí. Bí a bá fẹ́ra, tí nǹkan le, níwájú àwọn ènìyàn, ṣé o tún máa wò mí lójú kó o ní o ò mọ ohun tí mò ń sọ?”

Mo-mọ̀-ọ́n la ẹnu kó sọ pé rárá. Ó tún un pa dé. Ó mọ̀ pé “rárá” kò tẹ̀wọ̀n mọ́ lẹ́nu òun. Omi ń dà sórí ọwọ́ ọmọbìnrin náà.

“Mi ò mọ bí mo ṣe máa jẹ́ kó o gbà mí gbọ́,” ló wí. “Kí ni kí n ṣe?”

Oníwọ̀n ti ẹ̀rọ omi pa. Ó yíjú wàyí.

“Ìyẹn ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tó o bi mí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́.”

“Ṣé ó burú?”

“Ìkejì rèé.” Igun ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, kò tíì pinnu bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. “Lọ sọ ọ́ níwájú wọn. Gbogbo ẹ̀. Pé o sẹ́ mi, pé irọ́ ni. Má fi ẹ̀rín pò ó.”

Ó lọ. Ó dúró láàrin àgbàlá pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó sọ ọ́. Ó ní òun purọ́, pé ohun tí Oníwọ̀n kọ́ òun ló gbé agbo bàbá òun la ọ̀dá já, pé òun jẹ́ kí ìyá òun gba ògo rẹ̀ nítorí òun jẹ́ ojo, pé lójú ewu òun sẹ́ ẹni tí òun fẹ́ràn jù láyé. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Mo-mọ̀-ọ́n á mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó ìyanu.

Nígbà tó parí, Oníwọ̀n rìn wá, ó dúró tì í, ó fi ọwọ́ tútù rẹ̀ sínú ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ tirẹ̀.

“Ó tó,” ló wí. “Mo gbà á, aláriwo mi.”

Ojú gbogbo ènìyàn wá yí sí bàbá ọmọbìnrin náà. Ó ṣì di orí àgbò mú. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dìde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó ní òun wá láti yẹ ẹlòmíràn wò, òun kò sì mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Ó ní ìyá fi ìyẹ̀fun sí i nítorí ìfẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ fi sí i nítorí ìfẹ́ ọmọ òun. Òun tà á nítorí òun náà ń fẹ́ kí ẹran yẹn sanra, kí òun lè rí ohun tí òun fi máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n mú ọmọ òun, òun fún wọn, kí ìfẹ́ tó pọ̀ tó báyìí má tún pa ẹranko kankan mọ́.

Ìyá Mo-mọ̀-ọ́n gbá Oníwọ̀n mọ́ àyà, ó ń pè é ní ọmọ mi, ìyàwó mi, ọmọ tó gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Bàbá náà ń nu ojú. Mo-mọ̀-ọ́n ń sunkún kedere, kò tilẹ̀ fi pamọ́. Ìyá ní àṣírí ló pa ẹran, pé bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo mọ ohun tí àwọn méjèèjì ń ṣe, ẹnì kan ṣoṣo péré, tó sì ta wọ́n lólobó, ẹran kì bá tí kú.

Bàbá Àgbà ṣì wà lórí ìdúró níbi tí wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ ìkíni mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí rẹ̀. Wọ́n yíjú sí i, kó lè fi ọ̀rọ̀ àgbà dì í.

“Èmi rí ẹ̀yin méjèèjì láàárọ̀, tí ìyá dà á, tí ọmọ náà wá dà á,” ni Bàbá Àgbà wí. “Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é.”